Ibi tí mo ti ń ra oúnjẹ tó dáa ní Ìlọrin àti lọ́nà Ajàṣẹ́: ẹni tó fowó ara ẹ̀ rà á ló ń sọ̀rọ̀ o

Kẹ́ ẹ tó bi mí, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ láti kọ èyí o. Owó ara mi ni mo fi ra gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí, ibi tó bá yẹ kí n yìn màá yìn ín, èyí tí ò dáa màá ní kò dáa, àmọ́ àwọn tí ọjà wọn já mi kulẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn, kálukú ló ń wá jíjẹ mímu.

Ọ̀rọ̀ ká ra oúnjẹ tó ti oko wá tààrà yìí ti wọ Ìlọrin dáadáa báyìí. Tó o bá ṣí wọ́ọ̀tsáàpù láàárọ̀, ẹnì kan á ti gbé fọ́tò tòmátì síbẹ̀ pé látoko wa sí ilé yín ni. Lọ sí Tánkẹ̀, lọ sí Gáà Àkàǹbí, wàá rí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n kọ "farm fresh" sí pátákó wọn, wọ́n á kùn ún láwọ̀ ewé, wọ́n á ya màlúù sí i, wọ́n á tún tan éésì. Google Maps náà á máa júwe oko fún ẹ, o débẹ̀ tán, ilé ẹnì kan ni, ajá ló máa kọ́kọ́ pàdé ẹ. Mi ò bá ṣọ́ọ̀bù jà o, mo ń ra nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó kọ́ ló ń jẹ́ kí tòmátì tuntun.

Ọgbọ́n tí mo ń lò rèé: tí mo bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ta ojúlówó, mi ò kì í bi ẹni tó ń ra fún ilé ẹ̀, ẹni tó ń fi nǹkan yẹn ṣòwò ni mo máa ń bi. Ẹni tó ra ẹ̀wà burúkú fún ilé, á kàn kùn, á sì jẹ ẹ́. Alákàrà ò ráyè ìyẹn. Ẹ̀wà tó bá ti pẹ́ jù, tó o lọ̀ ọ́, tó o pò ó títí ọwọ́ fi ń ro ẹ́, kì í wú, àkàrà ẹ̀ á jókòó pẹlẹbẹ sínú epo, á mu epo yó, kí aago méje tó lù àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nítorí náà ó ti wá ẹni tó ń ta ẹ̀wà gidi kí ìwọ tó jí. Bákan náà ni alámàlà ṣe mọ ẹni tó ń po láfún mọ́ elùbọ́, oníṣùyà náà mọ ẹran tó ti sùn mọ́jú. Ẹ má kàn dédé lọ bi wọ́n o, ẹ rajà lọ́wọ́ wọn ná, kẹ́ ẹ jẹ́ kí èrò dín kù. Ti alákàrà àdúgbò wa rèé:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń ra ẹ̀wà yín?"

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ máa dín àkàrà ni?"

"Rárá o mà, jíjẹ lásán ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá júwe ìsọ̀ Alhaja kan fún mi ní Ọjà Ọba, ó ní, "Sọ fún un pé ìyá alákàrà ló ní kó o wá, kó má bàa bu ti ìsàlẹ̀ àpò fún ẹ."

Ọjà Ọba yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìlọrin mọ̀ pé ẹ̀bá ààfin Ẹ́míà ni, mọ́ṣáláṣí ńlá náà wà níbẹ̀, torí náà ẹ má lọ lọ́sàn-án Jímọ̀ tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò, ẹ ò ní rójú ọ̀nà. Ẹ̀wà, ọkà bàbà, irú, ewé lúrú gbígbẹ, kúlíkúlí, ibẹ̀ ni mo ti ń rà wọ́n. Ẹ̀wà Alhaja yìí, ẹ máa rí kòkòrò ọ̀kan tàbí méjì níbẹ̀ nígbà míì, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ Sniper, oògùn apakòkòrò yẹn. Àwọn kan ń dà á sẹ́wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí NAFDAC ní 2019 ní kí wọ́n yé ta ìgò ẹ̀ kékeré lọ́jà gbangba. Ẹ̀wà tó bá ń dán jù, tí ò ní ihò kankan, tó wá ń ní òórùn kan tí kì í ṣe òórùn ẹ̀wà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Alhaja ní inú àpò tó ní láílọ́ọ̀nù méjì nínú lòun ń kó tòun sí, òun á so ó le, atẹ́gùn ò ní wọlé, kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á kú fúnra ẹ̀. Òótọ́ ni, irú ẹ̀ làwọn NSPRI tó wà lọ́nà Asa Dam níbí máa ń sọ, iṣẹ́ wọn ni láti wádìí báwọn èèyàn ṣe lè tọ́jú oúnjẹ tí ò ní bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ kóńgò o! Mi ò sọ pé Alhaja, gbogbo ọjà ni mò ń sọ. Kóńgò kan wà tí wọ́n ti fi òòlù gbá ìdí ẹ̀ wọnú, tó o bá wò ó látòkè kò yàtọ̀, àfi tó o bá kọwọ́ bọ inú ẹ̀ lo máa rí i pé ìka ẹ tètè kanlẹ̀. Òmíràn, wọ́n á fi páálí tẹ́ ẹ. Àwọn kan ò tiẹ̀ fọwọ́ kan kóńgò, bí wọ́n ṣe ń dà á lọgbọ́n wà, wọ́n á rọra da ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá fọwọ́ ṣe òkè ẹ̀ ṣóńṣó, ojú ẹ á kún, àárín ò kún. Èmi ní kóńgò tèmi nínú báàgì. Wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀, kò kàn mí.

Ọjà Ìpàta ni ti ata àti tòmátì. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù. Púpọ̀ nínú tòmátì yẹn, òkè Ọya ló ti ń bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní oko òun lẹ́yìn Ìlọrin ló ti wá, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, pàápàá lẹ́ẹ̀rùn tí gbogbo ọjà kún fún ti òkè Ọya. Ti òkè apẹ̀rẹ̀ máa ń dán, ti ìsàlẹ̀ ti fọ́ nínú mọ́tò. Èmi kì í ra odindi apẹ̀rẹ̀, mo máa ń lọ bá àwọn ìyá tó ti ṣà á, tí wọ́n dá èyí tó le sọ́tọ̀, tí wọ́n dá èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀, èyí tó rọ̀ yẹn pọ́ọ́kú ni, tó o bá máa lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn kò sóhun tó ṣe é. Oṣù kejì sí ìkẹta, ẹ rà á, ẹ sè é kómi ẹ̀ gbẹ, ẹ tọ́jú, torí tójò bá dé tán owó ẹ̀ á ga. Mo fún Ìpàta ní 4 nínú 5. Ẹrẹ̀ tó máa ń wà níbẹ̀ tójò bá rọ̀ ló jẹ 1 yòókù.

Ó wá kan àwọn tó ń gbé e wá sílé lórí wọ́ọ̀tsáàpù. Èyí tí mo lò, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Àpótí kan ni wọ́n máa ń dì, ata, tòmátì, ewédú, ẹyin, wọ́n á fi ríbọ́ǹnù so ó. Ó rẹwà. Nígbà tí mo tú u, tòmátì yẹn, irú tí mò ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Ìpàta ni, àmọ́ ó ti lé owó lórí gan-an. Mo wá bi ọmọ náà, ìgbà wo lẹ já a lóko? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bi máníjà." Máníjà ò tíì dáhùn títí di ìsinsìnyí. Ẹni tó bá ní oko, tó o bá bi í ní ìgbà tó já ata, kò ní láti bi ẹnì kankan. Ewédú wọn dáa sha, ó tutù, kò ní iyanrìn. 2 nínú 5, ìyẹn náà ti ewédú ni. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ tí ò ráyè ọjà lè lò wọ́n, owó tó ń san fún un ò ju pé wọ́n bá a ná ọjà lọ.

Ẹyin, ẹ lọ sí oko adìẹ fúnra yín. Àwọn tó ń sin adìẹ ò wọ́n lẹ́yìn ìlú, ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ ládùúgbò yín mọ gbogbo wọn, òun ni kẹ́ ẹ bi. Kíréètì 30 níbẹ̀ máa ń dín sí ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tún fún yín ní èyí tó ti là díẹ̀ ní owó kékeré. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ju ọ̀kan sómi, tó bá léfòó ó ti pẹ́. Ooru Ìlọrin yìí, ní oṣù kẹta, kò mọ ẹyin lójú rárá.

Wàrà. Ibí ni ẹ máa fún mi láyè díẹ̀. Wàrà tó wà nínú fìríìjì súpámákẹ́ẹ̀tì, mi ò kì í rà á, torí mi ò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti mú iná lọ lórí ẹ̀. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń gbé e wá láti gáà ni mo ń rà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á gún ewé bòmùbòmù, wọ́n á fi wàrà díẹ̀ sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú èyí tó wà lórí iná, á dì, wọ́n á wá bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kómi ẹ̀ ro. Èyí tó dáa, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ á padà wú, kò ní fọ́ wẹ́wẹ́, omi tó wà nínú ẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni fẹ́ di àwọ̀ ewé, òórùn ẹ̀ á jẹ́ ti wàrà nìkan. Tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, tó kan, ti àná ni. Tó bá korò díẹ̀ lẹ́nu, wọ́n fi ewé sí i jù ni. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò, ìyá tèmi kì í tiẹ̀ dúró kí n sọ, á ti gé díẹ̀ nà mí, á máa wojú mi. Mo máa ń mú abọ́ oníderí dání torí mi ò fẹ́ràn láílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fẹnu fẹ́ kó tó là. Tí mo bá délé màá fi iyọ̀ sè é lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dín in. Ìgbà òjò ló pọ̀ jù torí koríko pọ̀ fún màlúù, lẹ́ẹ̀rùn ó máa ń wọ́n, ó sì máa ń kéré. Ìyá yẹn, 5 nínú 5. Nígbà tí wàrà ẹ̀ kan lọ́jọ́ kan, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n má rà á, kí n wá lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká jáde nílùú. Láti Gànmọ̀ títí dé Àmọ̀yọ̀, ká kọjá Ìdọ̀fìàn níbi tí ARMTI, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, wà, ká dé Ajàṣẹ́-Ìpo, ọ̀nà yìí ló ń fún mi ní elùbọ́ tí mo ń jẹ. Ìgbómìnà mọ elùbọ́ ṣe, kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ yé ra elùbọ́ tí wọ́n ti lọ̀. Ẹ ra iṣu gbígbẹ, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ fúnra yín, kẹ́ ẹ dúró tì í. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ ṣẹ́ ẹ, tó bá gbẹ dénú á dún kẹ́, inú ẹ̀ á mọ́. Tó bá ń tẹ̀ kó tó kán, omi ṣì wà nínú ẹ̀, á hu olú kó tó pẹ́. Ẹ wo ara ẹ̀ bóyá ó ní dúdú tàbí àwọ̀ ewé tó rí jọ̀ọ̀lọ̀, ẹ má fetí sí ẹni tó ní eruku ni. Èyí tí wọ́n sá lẹ́ẹ̀rùn ló dáa jù, ti ìgbà òjò, títì ni wọ́n máa ń sá a sí, mọ́tò ń kọjá, ewúrẹ́ ń kọjá, ẹ̀yin ẹ ṣáà mọ̀. Mo fún ọ̀nà Ajàṣẹ́ ní 4 nínú 5.

Oyin inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, mi ò dá sí i. Wọ́n á tìṣáná bọ̀ ọ́, wọ́n á ṣá a, ó jó, wọ́n á ní ẹ ò rí i pé ojúlówó ni. Ìṣáná yẹn ò fi nǹkan kan hàn o, oyin tí wọ́n po ṣúgà mọ́ náà lè jẹ́ kó jó. Epo pupa tó bá pọ́n kọjá bó ṣe yẹ náà, ẹ sá fún un, NAFDAC ti kìlọ̀ títí nípa àwọn tó ń fi aró Sudan sí i.

Tẹ́ ẹ bá gba Òrò kọjá dé Òmù-Àrán, yunifásítì Landmark wà níbẹ̀, 2011 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́. Tẹ́ ẹ bá wà lágbègbè yẹn ẹ yà bi wọ́n ní ohun tó jáde lóko lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi ò ní torí ẹ̀ nìkan wọ mọ́tò láti Ìlọrin.

Èyí tí mo lè torí ẹ̀ wọ mọ́tò ni ànàmọ́ Ọ̀fà. Ṣebí ìjàkadì nìkan kọ́ la fi mọ Ọ̀fà. Ẹ wá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u, tí erùpẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín fọ̀ ọ́, fífọ̀ ló ń tètè mú un jẹrà. Ẹ ṣa èyí tí ọkọ́ ò bà, torí ibi tí ọkọ́ bá ti gé e ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà, ẹ má so ó mọ́ láílọ́ọ̀nù. Tẹ́ ẹ bá sè é, ó máa ń dùn débi pé àwọn ọmọ ò ní béèrè ọbẹ̀. Mo fún un ní 4 àti ààbọ̀. Ààbọ̀ tí mo yọ, torí pé tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn Ìlọrin lẹ́nu ẹ, wọn kì í já nǹkan kan nínú owó ẹ̀.