Civic, Corolla S, Mazda 3 àbí Golf GTI: èwo ló bá títì Àkúrẹ́ mu?

Ẹni tó ń ti Ọ̀bà-Ilé wá síbi iṣẹ́ ní Alágbàká láràárọ̀, tó tún fẹ́ kí ọkọ̀ òun sáré dáadáa bó bá di ọ̀nà Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé, kò yẹ kó kọ́kọ́ béèrè èyí tó yára jù. Ọkọ̀ tó ń sáré pọ̀ lọ́jà. Èyí tí mẹkáníìkì àdúgbò lè tú kó sì tò ó padà, tí páàtì kékeré kan kò ní sọ di àlejò wọ́kíṣọ́ọ̀bù, òun ni kò pọ̀. Ojú yẹn la fi wo tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà mẹ́rin yìí.

Honda Civic, 2006 sí 2011: ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, agbára ẹṣin (hp) 140. Civic Si: 2.0, 197 hp, máníwàl jíà mẹ́fà nìkan.
Toyota Corolla S, 2009 sí 2013: 1.8, 132 hp. XRS, 2009 àti 2010: 2.4, 158 hp.
Mazda 3, 2004 sí 2009: èyí tó ní 2.3, 156 sí 160 hp.
Golf GTI, 2006 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008: 2.0 onítọ́bò (tọ́bò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i), 200 hp, máníwàl tàbí DSG (jíà ọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì méjì).

Lẹ́tà S tó wà lẹ́yìn Corolla, aṣọ ni: bọ́ńpà tó rẹlẹ̀, ríìmù tó dán. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Corolla LE lásán, jíà ọ́tò rẹ̀ kò sì ju mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì láti ré tírélà kọjá, á kọ́kọ́ rò ó ná. XRS lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọ́ìlì jíjẹ. Ríǹgì písítìn tó yẹ kó máa gbá ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà máa ń dí, ọ́ìlì á sì máa jó pẹ̀lú epo. Ẹ fi tíṣù funfun nu inú ẹnu sàlẹ́ńsà. Bí dúdú rẹ̀ bá gbẹ bí èédú àdògán, kò burú. Bó bá ń yọ̀ bí àdí, ẹ fi sílẹ̀.

Lórí ìwé, Civic Si àti GTI fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lójú títì, wọn ò jọra rárá. Tọ́bò GTI ti ń fún un ní 280 Nm (agbára ìfà ẹ́ńjìnnì) láti 1,800 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Ẹ kàn fẹsẹ̀ bà á, ó ti lọ. Si kò ní ju 188 Nm, ó sì di nǹkan bí 6,100 rpm kó tó pé. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjà Ọba, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Civic 1.8 tí ìyá àgbà ń wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ibi tí ọ̀nà Ìdànrè ti ń lọ́ láàárín àpáta, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kọjá 6,000: ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà, kò sì ní sinmi títí tó fi kan 8,000. Ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì kó má wulẹ̀ náwó lórí Si.

Mazda 3 kò yára tó àwọn méjèèjì, àmọ́ sítíárìn rẹ̀ kì í purọ́. Ọwọ́ ń mọ ohun tí táyà ń ṣe. Ìpìlẹ̀ kan náà ni Ford fi ṣe Focus ti Yúróòpù, tí Volvo fi ṣe S40. Nínú ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, tó sì ní ọ́tò, òun la rò pé ó dùn ún wà jù.

Abẹ́ ọkọ̀ ńkọ́? Ọ̀pá kan ló so táyà ẹ̀yìn Corolla méjèèjì pọ̀: bí tọ̀tún bá já sí kòtò, tòsì á gbọ́. Ti àwọn mẹ́ta yòókù, kálukú ń dá ṣe tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di kọ́nà mú. Àmọ́ búùṣì wọn pọ̀, búùṣì sì ni oúnjẹ kòtò. Lára Civic 2006 àti 2007, ẹ ti ọwọ́ bọ inú táyà ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi pa á. Bó bá rí gbágungbàgun bí eyín ayùn, aláímẹ́ǹtì nìkan kò ní wò ó sàn. Apá òkè tó di táyà ẹ̀yìn mú ni kí wọ́n pààrọ̀.

Nọ́ńbà ara táyà náà ń sọ̀rọ̀. 225/45R17 ti GTI ní ẹ̀gbẹ́ tó ga ní 101 mm; 205/55R16 tó máa ń wà lára Civic 1.8 ga ní 113 mm. Mílímítà 12 yẹn ló wà láàárín ríìmù yín àti ẹnu kòtò tí omi òjò ti bò mọ́lẹ̀. Bí ẹni tó lo Civic náà tẹ́lẹ̀ bá ti fi ríìmù ńlá ṣe faájì sí i, ẹ dá 16 padà.

Àìsàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan

Civic 1.8 ti 2006 sí 2008, àti apá kan nínú ti 2009, ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lè sán. Honda fúnra rẹ̀ fi gàráńtì búlọ́ọ̀kù yìí gùn dé ọdún 10. Kúláǹtì á máa jò díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ni ín á máa bu omi kún un, títí ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì máa gbóná lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sára búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ wá ipa omi tó ti gbẹ, aláwọ̀ búlúù tàbí funfun. Ibi tí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù irin lẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró níbẹ̀. 2010 àti 2011 ló fọkàn balẹ̀ jù. Ti Si, jíà kẹta ni: bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, ẹ fà á gùn láti kejì sí kẹta. Bó bá lọ̀ tàbí tó fò jáde, gíábọ́ọ̀sì fẹ́ ṣíṣí.

GTI ló gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì, lápá ibi tí bátìrì wà, ẹ ó rí pọ́ǹpù epo tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta dè mọ́lẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni cam follower wà, agolo irin kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, tó dúró láàárín kámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàlù) àti pọ́ǹpù. Wọ́n fi àwọ̀ dúdú líle kun ìdí rẹ̀, kámù á sì máa họ ọ́ lójoojúmọ́. Bí dúdú náà bá ṣì wà, ó dára. Bó bá ti ń dán bí fàdákà, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá ti lu, ọ̀pá pọ́ǹpù á máa jẹ kámù ní tààrà, irin á bọ́ sínú ọ́ìlì, páàtì tí kò tó nǹkan á sì di kámù àti pọ́ǹpù tuntun. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n sì tú epo tó há sínú páìpù sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Epo yẹn lè fọ́n sójú. Ẹni tó ń ta GTI tí kò gbà kí wọ́n tú u wò, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Bẹ́lìtì ló ń yí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì bíi ti àwọn yòókù. Bí bẹ́lìtì já, fáàlù á kọlu písítìn. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kì í jẹ́ kó kọjá 120,000 km, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ wátà pọ́ǹpù pẹ̀lú rẹ̀ torí bẹ́lìtì kan náà ló ń yí i. Ọ́ìlì DSG, gbogbo 60,000 km. Bí DSG bá ń ta gìrì nígbà tí ẹ bá ń rọra sún nínú gosílóò, owó ńlá ló ń bọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ ní Èkó fún páàtì, nígbà tí ti Corolla wà nítòsí.

Mazda: sítìn ẹ́ńjìnnì apá ọ̀tún. Òróró wà nínú rẹ̀. Bó bá jò tán, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n tí ẹ bá dúró pẹ̀lú AC. Corolla S: wátà pọ́ǹpù tó ń jò. Kò sí jù bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn oníṣòwò kì í sọ. Civic àti Corolla ọdún wọ̀nyí wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí airbag Takata. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́, ìlú wa kò sì ṣaláìní méjèèjì. Bó bá bú, irin ló ń fọ́n sáyà ẹni tó jókòó níwájú. Ẹ kọ nọ́ńbà ṣáásì (lẹ́tà àti nọ́ńbà 17) tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa sọ bóyá wọ́n ti tún un ṣe kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà.

Lórí epo, Civic 1.8 àti Corolla S ń mu nǹkan bí lítà 8 lórí 100 km. GTI, Si àti Mazda 2.3, bíi 9 sí 10. Fún ẹni tó ń rin 30 km lójúmọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì lítà lọ. Epo kọ́ ló máa ń jẹ onímọ́tò GTI níyà, páàtì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí 91 nínú ìwé GTI àti Si: òktéènì ni, ìwọ̀n bí epo kì í ṣeé gbiná ṣáájú àsìkò. Nọ́ńbà Amẹ́ríkà nìyẹn, ó tó nǹkan bí 95 nínú RON, ìṣirò òktéènì tí ibòmíràn ń lò, epo filin stéṣàn wa kì í sì sábà ga tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń kan, á dín agbára kù. Agbára tí ẹ sanwó fún kò ní pé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án nítorí yín. Ẹ fa bẹ́lìtì ìjókòó dé òpin, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ wà. Ọkọ̀ tí omi bò kì í fọ ibẹ̀ tán. Kí ẹni tó ń ṣe síkáànù wo readiness (bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀), kì í ṣe kóòdù nìkan: bí gbogbo rẹ̀ bá ní òun kò tíì ṣetán, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni.

Èyí tí a máa mú: Civic 1.8 ti 2010 tàbí 2011 fún ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, Si ọdún kan náà bó bá mọ máníwàl. Mazda 3 fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó Civic tó mọ́. GTI fún ẹni tó ní ọkọ̀ kejì nílé. Corolla S fún ẹni tó kàn fẹ́ kó rí bí ọkọ̀ eré.

Èyí yòówù kó jẹ́, ẹ mú ìdá kan nínú márùn-ún owó yín pamọ́ fún oṣù àkọ́kọ́. Ọ́ìlì Civic 1.8 jẹ́ lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà, ti Corolla S 4.2, ti Si 4.4, ti GTI 4.6 tó sì gbọ́dọ̀ ní VW 502 00 (àmì pé ó bá ìlànà Volkswagen mu) lára agolo. Bí olùtajà bá gbé gálọ́ọ̀nù tí kò ní nọ́ńbà yẹn wá, kó gbé e padà.