Ìdálẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀fẹ́ Kan Lórí Ìdènà Ìgbẹ̀mí-Ara-Ẹni ní Ìbàdàn: Ohun Tí Ó Tó àti Ohun Tí Ó Kù

Ní àsìkò tí ọ̀wọ́n gógó ti mú kí "ayé sú mi" di ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ọmọdé àti àgbà, ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ ará ọjà, olùkọ́, awakọ̀ àti àgbà àdúgbò bí a ṣe ń ran ẹni tí ó ń ro ikú lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fojú tín-ín-rín. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tí ẹgbẹ́ aláàánú kan ṣe ní gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Dùgbẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà sí wọn lẹ́sẹ̀, ó sì dá mi lójú pé àwọn nìkan kọ́ ni ẹ̀sùn náà bá wí. Kí n tètè sọ ìdájọ́ mi: wọ́n kọ́ wa dáadáa bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan nípa ọ̀sẹ̀ àti oṣù tí ó máa ń tẹ̀ lé ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn olùwádìí ti rí ẹ̀rí tí ó lágbára.

Nọ́ọ̀sì tí ó ṣíwájú ètò náà kò fi ìtàn apanilẹ́kún bẹ̀rẹ̀, èyí sì wù mí. Orí ohun tí àwọn olùwádìí rí nígbà àrùn Kòrónà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn fi ìdá 25 nínú 100 lé sí i káàkiri ayé ní ọdún àkọ́kọ́ àjàkálẹ̀ àrùn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń bẹ̀rù pé iye àwọn tí yóò gba ẹ̀mí ara wọn yóò fò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè 21 jáde ní ọdún 2021, wọn kò rí i pé iye náà lọ sókè lápapọ̀ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ àjàkálẹ̀ náà. Ní Jàpáánù, ó tilẹ̀ wálẹ̀ láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹfà ọdún 2020, kí ó tó wá gòkè láti oṣù keje, pàápàá láàárín àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ tí kò tíì tó ogún ọdún. Àlàyé tí nọ́ọ̀sì náà ṣe yé gbogbo ilé: nígbà tí àjálù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, olúkúlùkù a máa wá ẹnìkejì rẹ̀ kiri, ìrànlọ́wọ́ a máa wọlé, ẹnu a sì kò pé nǹkan yóò dára láìpẹ́, ìgbà tí èrò bá ti tú ká, tí owó tí a fi pamọ́ tán, tí iṣẹ́ tí ó bọ́ kò padà, ni ewu máa ń sún mọ́lé. Ó mẹ́nu ba ìbúgbàù tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì bi wá léèrè ta ni nínú wa tí ó tún padà lọ kí àwọn ará àdúgbò náà lẹ́yìn ọdún kan. Kò sí ẹni tí ó nawọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó fi kún un ni pé Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè 21 yẹn, nítorí pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó àti àwọn tí ó súnmọ́ wọn ni ó sábà máa ń ní irú àkọsílẹ̀ ikú tí a lè fi ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ó sún mọ́ wa jù ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2007: nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ìdá 3.2 nínú 100 sọ pé ó ti wá sí àwọn lọ́kàn rí láti gba ẹ̀mí ara àwọn, ìdá 0.7 sì ti gbìyànjú rẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi fi ìbínú sọ pé irọ́ ni, pé ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ òtítọ́ ni ó sọ. Ìwádìí náà ti pẹ́, ojúkojú ni wọ́n sì ti béèrè ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sọ fún ìyá tí ó bí wa.

Ibi tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí ti dára jù ni eré kékeré tí wọ́n ní kí a ṣe. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Gbági ṣe bí ẹni tí gbèsè ti mù dé ọrùn, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan sì wá kí i. Ìyá náà ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Kí ilẹ̀ kúkú lanu kí ó gbé mi mì." Kíá, olùkọ́ náà dáhùn: "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mà, Ọlọ́run kò ní jẹ́. Ẹ ṣe àmín." Nọ́ọ̀sì dá wọn dúró. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn, ẹ ti fi àmín pa á dé." Ó wá jókòó sí ipò olùkọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì bi ìyá náà pẹ̀lú ohùn tí kò yí padà: "Mà, ǹjẹ́ ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín?" Ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn pariwo pé kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí i. Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé pé ìwádìí léraléra ti fi hàn pé bíbéèrè ọ̀rọ̀ náà gbangba kì í gbin èrò ikú sí ẹni tí kò ní i lọ́kàn, àti pé ara máa ń tu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹnìkan lè gbọ́ ọ láì sá. Lẹ́yìn náà ni a kọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń lò láti ọdún 2011: kí a wò, kí a gbọ́, kí a sì so ènìyàn pọ̀ mọ́ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. A tún kọ́ pé kò dára kí a máa fi ipá mú ẹni tí àjálù bá kí ó ròyìn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe mọ ilé ọ̀fọ̀ wa sí, níbi tí àlejò kọ̀ọ̀kan ti ń fẹ́ kí a tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ yẹn nìkan tó owó ọkọ̀ tí mo san.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fò dá. Awakọ̀ kan dìde, ó ní àwọn baba wa ṣáà sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá síbòmíràn. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti dúró fún wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n ń yáni lówó lórí fóònù mọ̀ pé ẹ̀sín ni a ń bẹ̀rù jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àwòrán onígbèsè ránṣẹ́ sí àna, sí ọ̀gá àti sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ. Àwọn olówó èlé tí ará ọjà ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà náà kì í lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kí gbogbo ojúlé lè mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dènà ikú nírú àsìkò yìí kò lè ṣe bí ẹni pé òwe yẹn kò sí lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ó yẹ kí a sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni lè fi ẹjọ́ ayánilówó tí ń dójú tini sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, tí ó ti ń fi orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀ láti ọdún 2022. Èyí wà lára ìtọ́jú ọkàn pẹ̀lú.

Nípa òfin, wọ́n yára mẹ́nu bà á, ó sì tó. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 gba ipò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958, ṣùgbọ́n kò pa abala 327 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn rẹ́, èyí tí ó ka gbígbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún 1. Ìbẹ̀rù èyí ni kì í jẹ́ kí àwọn ẹbí kan tètè gbé ènìyàn wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ o, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ̀ka pàjáwìrì ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, máa ń ṣí tọ̀sán-tòru.

Ẹ̀sùn mi wá dé báyìí. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní Bùràsílì, Íńdíà, Sìrì Láńkà, Ìráànì àti Ṣáínà, láàárín ènìyàn 1,867 tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn. Wọ́n tọ́jú apá kan bí wọ́n ṣe máa ń tọ́jú ènìyàn tẹ́lẹ̀. Apá kejì gba ìtọ́jú náà, wọ́n sì tún jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń pè wọ́n tàbí bẹ̀ wọ́n wò ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án láàárín oṣù 18. Nígbà tí oṣù 18 pé, ìdá 2.2 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́ ni ó ti gba ẹ̀mí ara wọn. Nínú àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò, ìdá 0.2 péré ni. Kì í ṣe oògùn olówó iyebíye ni wọ́n fi ṣe é. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì sọ nípa ìwádìí yìí, nígbà tí ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín ti wọlé, tí kò sì sí ẹni tí ń fetí sílẹ̀ mọ́. (Oúnjẹ náà dára, n kò jiyàn.)

Ó dùn mí púpọ̀ jù nítorí pé ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ ìbẹ̀wò yìí jókòó sáàárín wa. Ìyá alájọ kan láti Òjé, tí àpò káàdì rẹ̀ kò kúrò lórí itan rẹ̀ látàárọ̀, nawọ́, ó ní: "Ojoojúmọ́ ni mò ń dé ìsọ̀ wọn. Bí ẹnìkan kò bá dá àjọ mọ́, mo máa ń mọ èyí tí ọjà kò tà fún àti èyí tí ó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀." Wọ́n ní kí a pàtẹ́wọ́ fún Màmá, ó parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá yóò lè máa fi ọ̀rọ̀ jíṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n bá yàn fún ọjà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ilé ìwòsàn tàbí ètò ìjọba kan ní ìlú yìí tí ó lè mọ ìṣesí ènìyàn lójoojúmọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní Harare, olú-ìlú Zimbabwe, láti ọdún 2006, àwọn ìyá àgbà tí kì í ṣe dókítà ni Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ kan níbẹ̀, kọ́ láti máa jókòó lórí àga gbọọrọ ní ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ìṣòro àwọn ènìyàn, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 sì fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. Tiwa kò tilẹ̀ ní láti wá àga.

Ìwé tí wọ́n pín fún wa lọ́jọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni. Ìyá alájọ ká tirẹ̀, ó fi sínú àpò káàdì. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kì í dáhùn lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ òru ni ọ̀rọ̀ ikú máa ń wúwo jù. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò pè wá láti mọ bí a ti ń lo ohun tí a kọ́, a kò sì gbúròó wọn títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá tún pè é, kí ẹ lọ, pàápàá àwọn olùkọ́, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn alága ẹgbẹ́ onílé, nítorí eré kékeré tí mo sọ yẹn. Kí ẹ dé ní kùtùkùtù, òwúrọ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wíwá, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò máa gbé fóònù lóru àti ọjọ́ tí wọn yóò padà wá sí àdúgbò yín sílẹ̀ fún yín.