Ìlà kan péré, àbí ìmọ̀ràn tó sọ ìdí?

Ká ní kọngílá kan ń kọ́lé ní Kabba, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ títí ó fi kan àpáta, ó wá ní kí onílé fowó kún un. Onílé kọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n jọ yàn láti máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí aáwọ̀.

Ìgbìmọ̀ lè kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ báyìí: “Kí onílé san ìdajì.” Ó yá, kò sì náni lówó. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ìdajì? Ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn á ní wọ́n ti gba rìbá.

Ọ̀nà kejì gùn. Ó sọ ohun tí ìwé àdéhùn wí nípa àpáta, ohun tí tọ̀tún-tòsì rò, ẹ̀rí tí wọ́n gbà, èyí tí wọn ò gbà àti ìdí rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ṣírò owó. Èyí ni mo fara mọ́. Ìmọ̀ràn lásán kì í de ẹnikẹ́ni. Àlàyé inú rẹ̀ ló ń múni gbà á. Kódà nínú àdéhùn FIDIC ti 1999 (àwòṣe ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé tí àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lágbàáyé ṣe), tí ìpinnu ìgbìmọ̀ ti ń de àwọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀, dandan ni kó sọ ìdí, láàárín ọjọ́ 84.

Bí ọ̀rọ̀ bá kéré ńkọ́, bí aáwọ̀ lórí ògiri ọgbà kan ní Mopa? Ojú ìwé kan ti tó.