Àwòrán ara ògiri ìta: èyí tó tóbi jù kọ́ ló dára jù

Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tàn yín. Nínú gbogbo àwòrán tí ayàwòrán kan yà sára ògiri ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i, èyí tó tóbi jù kọ́ ló dára jù. Ojú obìnrin gàgàrà tí gbogbo èèyàn ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò wu èèyàn lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé irun rẹ̀ nìkan ni ayàwòrán náà fara balẹ̀ ṣe. Ọrùn àti èjìká, ó kàn fi rólà gbá a kọjá ni.

Èyí tí mo dúró tì pẹ́ wà lẹ́yìn ilé kan, níbi tí ẹni tí kò bá wá a kò ní rí i. Bàbá àgbà kan ló jókòó, ó na ọwọ́ kan síta. Páìpù òjò tó ti orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri náà, òun ni ayàwòrán sọ di ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá. Ó ya ìka mọ́ páìpù, ó sì kun òjìji rẹ̀ sára bíríkì débi pé mo fọwọ́ kàn án kí n tó mọ èyí tó jẹ́ irin àti èyí tó jẹ́ ọ̀dà. Àlàfo àárín bíríkì tí kò kùn ló di ilà àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ ìlú ló lè mọ ògiri tó báyìí; àlejò ì bá ti ní kí wọ́n yọ páìpù kúrò.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni èyí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà, tó ti ń bó. Omi ló ń ti inú ilẹ̀ gun ògiri, tó ń gbé iyọ̀ bọ̀. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á dì sẹ́yìn ọ̀dà, á sì máa tì í síta. Eruku funfun rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ inú àwòrán náà. Wọ́n ti tún un kùn, ó tún bó. Asán ni, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí omi. Pupa àti yẹ́lò tí oòrùn ọ̀sán ń kàn náà ti ń ṣá, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ amọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn ṣì dúró digbí.

Kò sí pátákó tó júwe ọ̀nà ibi tí àwọn àwòrán náà wà. (Ta ló tiẹ̀ gbé garawa ìdọ̀tí síwájú iṣẹ́ ọnà?)

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ayàwòrán náà. Tí ẹ bá fẹ́ kó yà sára ògiri tiyín, ẹ jẹ́ kó wá wo ògiri náà lẹ́yìn òjò kẹ́ ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ àwọ̀.