Philosophy Bites: ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Òndó

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ gígùn kò ní rí i níbí o. Pọ́díkáàsì lórí fìlọ́sọ́fì ni Philosophy Bites, kì í sì í pẹ́: ọ̀mọ̀wé kan, kókó kan, bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó tán. David Edmonds àti Nigel Warburton ló dá a sílẹ̀ nílùú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 2007, ọ̀fẹ́ sì ni. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ Gọ́fúmẹ́ǹtì (ìmọ̀ ìjọba) ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òndó, Àkúrẹ́ ni mo sì ń sùn, nítorí náà inú ọkọ̀ ni mo ti ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù. Kí n tó débi iṣẹ́, mo ti gbọ́ méjì, bí dírẹ́bà kò bá gbé orin sókè ju íápíìsì mi lọ.

Bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ìbéèrè wọn kúrú. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti fẹ́ máa fi gbólóhùn gígùn sá lọ, wọ́n á ní kó fún àwọn ní àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níbi sẹ́mínà wa, níbi tí ẹni tó fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ kí gbogbo àgbààgbà orí pèpéle, tí á wá ka ìwé tirẹ̀ síni létí kó tó rántí pé ìbéèrè lòun dìde bi, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Èyí tó wúlò fún mi jù ni ti Michael Sandel, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Harvard, lórí àwọn ohun tí kò yẹ kí owó rà. Ọ̀nà méjì ni Sandel máa ń gbà wo irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ṣé tinútinú ni ẹni tó ń tà á fi ń tà á, àbí àìní ló tì í débẹ̀? Ṣé títà náà fúnra rẹ̀ kò sì ní ba ohun tí a ń tà jẹ́? Ará Ìpínlẹ̀ Òndó kankan kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá àpẹẹrẹ: dìbò kí o sebẹ̀. Mo gbé e sí gbangba fún àwọn ọmọ SS2 mi lẹ́yìn ìbò gómìnà 2024, kíláàsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Àwọn kan ní ìyá tí kò ní gààrí nílé kò dẹ́ṣẹ̀. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní bí ìbò bá ti di ọjà, kí wọ́n kúkú gbé e lọ sí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ ká lè ná an bó ṣe yẹ, nítorí iye tó wu àwọn olóṣèlú ni wọ́n ń fi léni lọ́wọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò tíì gbọ́ ẹni tó tú ọ̀rọ̀ náà síta tó bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ọ̀nà kejì Sandel ni mo dúró sí. Tó bá jẹ́ ebi nìkan ni ẹjọ́, a jẹ́ pé olówó tó ta ìbò tirẹ̀ kò jẹ̀bi nǹkan kan.

Ti òpìtàn Quentin Skinner lórí Thomas Hobbes, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, le o. Leviathan, ìwé tí Hobbes tẹ̀ jáde ní 1651, tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ohun tí Skinner fẹ́ ká rí ni pé lójú Hobbes, ìlú kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe àwọn ará ìlú. Ẹni kẹta ni, tí kò lẹ́ran ara, tí ọba kàn ń ṣojú fún. Kò yé mi títí mo fi ronú kan gbèsè. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀ ní 1976, ológun ṣe é, alágbádá ṣe é, Èkìtì yọ kúrò lára rẹ̀ ní 1996. Gómìnà tó yáwó ti lọ, èmi àti ẹ̀yin kò tọwọ́ bọ̀wé kankan, síbẹ̀ ẹnì kan ṣì jẹ gbèsè náà. Ta ni? Ẹni tí Hobbes ń wí nìyẹn.

Àmọ́ Hobbes gbà pé bí àṣẹ kò bá sí lọ́wọ́ ẹnì kan tàbí ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, ìjà ni yóò dà. Èmi tí mò ń jẹun ní Òndó kò lè gbé ìyẹn mì bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣemàwé wà lórí oyè, àwọn Ìwàrẹ̀fà, ìjòyè àgbà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Lóbùn tó jẹ́ obìnrin ló ni ọ̀rọ̀ ọjà, ó sì lọ́wọ́ nínú ìfijoyè Ọ̀ṣemàwé tuntun. Ìtàn ìlú pàápàá sọ pé obìnrin, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. Ọwọ́ ta wá ni gbogbo àṣẹ wà? Ó wù mí kí ẹnì kan bi Skinner.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún mi nìyẹn. Katrin Flikschuh ti LSE, yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ̀rọ̀ lórí Philosophy Bites lórí fìlọ́sọ́fì ní Áfríkà, Anthony Appiah tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Gánà náà sì wà níbẹ̀. Lára èyí tí mo ti gbọ́, díẹ̀ ni tiwa. Ìgbàrà-Òkè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá, ni wọ́n ti bí Sophie Olúwọlé, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tó gbé Ọ̀rúnmìlà àti Socrates ka orí àpótí kan náà. Ó kú ní 2018. Ẹ bá mi ro irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ìyẹn ì bá jẹ́! Màmá náà kì í fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò mọ̀.

Fún àwọn tó fẹ́ràn ìmọ̀ àwùjọ ju fìlọ́sọ́fì lọ, Social Science Bites wà, tí Edmonds náà ń ṣe láti 2012. Ti Doreen Massey, onímọ̀ jọ́gíráfì, níbẹ̀ dára. Wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, èyí sì gbani lọ́wọ́ ẹnu yíyára àwọn òyìnbó.

Ẹ gbà á sórí fóònù láti ilé o, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa lọ lójú ọ̀nà. Sandel ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Skinner di ọjọ́ tí ẹ bá wà nílé, torí kò ṣeé gbọ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó sí kòtò.