Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àtúnṣe Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àtijọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde
Mo gbóríyìn fún àwọn kọ́lékọ́lé tó kọ́ ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun sí àdúgbò wa, nítorí wọn kò wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tó wà láàrin ilẹ̀ náà, irú èyí tí àwọn oníṣòwò kọ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892. Wọ́n tún àwọn fèrèsé onípákó ṣe, wọ́n sì fi amọ̀ dí ibi tí ògiri iwájú ti lanu, tí ojú kò fi lè dá a mọ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ilé ló bà mí lọ́kàn jẹ́: sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi tó ti wọ inú amọ̀ ráyè gbẹ. Kí wọ́n tètè ha á kúrò kí òjò tó dé. Iṣẹ́ iwájú nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.