Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó fótò yín sí ibi ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró ẹ gbọ́ tèmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ mi máa gùn, torí inú ń bí mi, ojú dẹ̀ ń tì mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, tí mo bá kọ ọ́ tán màá tún pa á rẹ́, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé èmi tí mo máa ń la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa fóònù ni wọ́n lù ní jìbìtì báyìí. Fótò tó lé ní 31,000 ni mo kó fún wọn. Èyí tí mo rí gbà padà ò pé 6,500. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Áàpù kan ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò lágbára ẹjọ́. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni, kò ní òdiwọ̀n, títí ayé ni. Títí ayé! Àwọn ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́, kì í ṣèmi. Ọdún 9 ni mo fi ń kó fótò síbẹ̀, fótò ọmọ mi látìgbà tó ti ń rá, ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá rìn tó dẹ̀ ṣubú lu àga, fótò màámi tí wọ́n jókòó síwájú ilé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èyí tí mo yà ní bí oṣù kan kí wọ́n tó kú. Fídíò kan tún wà tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 12 lọ. Ohùn wọn tó kù fún mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan fóònù mi kún, kò gba nǹkan kan mọ́, áàpù náà fúnra ẹ̀ ló gbé bọ́tìnì kan wá síwájú mi pé àwọn ti tọ́jú gbogbo ẹ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ kó lè pa èyí tó wà lórí fóònù rẹ́, kí àyè lè wà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi yìí náà ló tẹ̀ ẹ́. GB 22 ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi dùn, mo tún lọ sọ fún àbúrò mi pé kó ṣe tiẹ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ kó o sí háàdì?" Mo ní háàdì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kó fáìlì pa mọ́ sí, ti di nǹkan àtijọ́. Kí ni mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀?

Wọ́n wá yí àdéhùn padà. Ìgbà tí mò ń wá fótò màámi yẹn ni mo rí i pé gbogbo ẹ̀ ti dúdú, wọ́n ya àgádágodo sí i lára. Wọ́n ní mo ti kọjá ìwọ̀n ọ̀fẹ́, kí n sanwó láàárín ọjọ́ 14. Wọ́n láwọn ti kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Síbo? Sí ímeèlì tí mo fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 9 sẹ́yìn, tí mi ò ṣí mọ́! Áàpù kan náà yìí ló ń dún létí mi lójoojúmọ́ pé wo ibi tó o wà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ló dé tí kò fi lè dún lọ́nà kan náà láti sọ pé àwọn fẹ́ tìlẹ̀kùn?

Mo sanwó. Owó ọdún kan gbáko, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ilẹ̀kùn ṣí, kí ni mo bá? Èyí tó pọ̀ jù ti lọ, àwọn tó kù ti fún pọ̀, fótò tó jẹ́ MB 5 lórí fóònù mi ti di KB 300, tí n bá fẹ ojú màámi díẹ̀ báyìí, ṣe ló máa ń ṣe bàìbàì. Fídíò ò sí. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹfà, rọ́bọ́ọ̀tì ló ń dáhùn, "A mọrírì sùúrù rẹ". Sùúrù wo? Ẹ ti gbowó mi!

Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti ka àdéhùn. Mo mọ̀. Mo lọ kà á nígbà tí ilé ti jó tán, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ pé àwọn lè yí i padà nígbà tó bá wù wọ́n. Àmọ́ ta ló ń kà á, ẹ̀yin náà, ta ló ń kà á tán? Mo jẹ̀bi, mo gbà. Rárá o, mi ò gbà. Ẹni tó ní kó o wá kó ẹrù ẹ sílé òun lọ́fẹ̀ẹ́, tó tún ní kó o da èyí tó wà nílé ẹ nù, ṣé ẹlẹ́rù ló yẹ ká bá wí?

Látìgbà yẹn tí oorun ò bá kùn mí, ìtàn àwọn iléeṣẹ́ tó ń báni tọ́jú fótò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń kà. Flickr fún àwọn èèyàn ní terabyte 1 (bíi GB 1,000) lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2013, nígbà tó di 2018 tí ẹlòmíì ti rà wọ́n, wọ́n ní fótò 1,000 péré ni ọ̀fẹ́ kù sí. Google Photos bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 láìní òdiwọ̀n fún fótò tí wọ́n bá fún pọ̀, ìyẹn dópin ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2021, ó di GB 15, Gmail tó jẹ́ ímeèlì wọn àti Drive tí wọ́n ń kó fáìlì sí dẹ̀ ń jẹ nínú GB 15 kan náà. Google ṣì ṣàánú, èyí tí wọ́n fún pọ̀ tó ti wọlé ṣáájú ọjọ́ yẹn, wọn ò kà á mọ́ ọn. Tèmi ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mi ò gba ẹnì kankan nínú wọn gbọ́ mọ́, olówó ni o, ọ̀fẹ́ ni o.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn gan-an ni pé ṣé wọ́n ti pa ohun tó lé ní 24,000 yẹn rẹ́ lóòótọ́, àbí ọwọ́ wọn ló wà? Fótò ọmọdé ni, fótò ìwé ìrìnnà mi wà níbẹ̀. Fóònù dẹ̀ máa ń kọ ibi tí wọ́n ti ya fótò sínú fótò náà, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ mọ ilé mi nìyẹn.

Ẹ yára ṣe nǹkan wọ̀nyí. Ẹ wo ímeèlì tẹ́ ẹ fi ṣí akáǹtì yín, ṣé ẹ ṣì ń ṣí i? Google náà sọ pé akáǹtì tẹ́nikẹ́ni ò bá lò fún ọdún 2, àwọn lè pa á rẹ́. Ẹ download fótò kan lónìí, kẹ́ ẹ fi MB ẹ̀ wé ti orí fóònù. Ẹ jẹ́ kó wà níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan má sí nílé yín. Èyí tó bá jẹ́ àṣírí, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù tì í kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Sync, ìyẹn kí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì máa bára wọn dọ́gba, kì í ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà tẹ́ ẹ tọ́jú pa mọ́ lọ́tọ̀ o, ẹ pa á rẹ́ níbí, ó pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ẹ má tẹ bọ́tìnì tó ń pa ti orí fóònù rẹ́ yẹn!

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí wọ́n yẹ fóònù wọn àtijọ́ wò. Ojú ẹ̀ ti fọ́, àmọ́ ó ṣì ń tàn. Wọ́n rí fótò màámi méjì níbẹ̀. Ọ̀kan ṣókùnkùn. Èyí tó mọ́, mo ti tẹ̀ ẹ́ síwèé, mo ti kó o sí háàdì méjì, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi.